Ìyá Aládìrẹ, Ímójì àti "ń": Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nínú Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì Àwọn Àgbàlagbà ní Òṣogbo

Obìnrin aládìrẹ kan ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí dá lé lórí, ẹni tó ti fi ímójì, àwọn àwòrán kéékèèké tí a máa ń fi sínú ọ̀rọ̀ lórí fóònù, kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ kí ó tó wá sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní agbègbè Òkè-Fìà. Ìyá Ìbejì ni a ó máa pè é nínú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí pé orúkọ náà pọ̀ ní Òṣogbo débi pé kò lè tọ́ka sí ẹnì kan ṣoṣo. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó kà mọ, ṣùgbọ́n ó mọ Yorùbá kà, ó mọ̀ ọ́n kọ, ó sì mọ owó ṣírò ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Agbo ilé kan nítòsí Ọjà Ọba ni ó ti ń rẹ aṣọ. Tẹ́lẹ̀ rí, ará ìlú àti àwọn àlejò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ ni oníbàárà rẹ̀; láti ìgbà tí ó ti ń gbé àwòrán aṣọ sórí WhatsApp, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ti ń kọ̀wé sí i láti Àbújá àti Port Harcourt, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sì lè fi bá a dúnàá dúrà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi àwọn àwòrán kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí ó máa ń kiri láti orí fóònù dé orí fóònù: ímójì ní apá òsì, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ní apá ọ̀tún. 🏃‍♀️ She is running. 😴 He is sleeping. 💃 She is dancing. 🚴‍♂️ He is cycling. Ó há gbogbo rẹ̀ sórí. Nígbà tí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi, kò sí ibi tí "am", "is" àti "are" ti ń dà á láàmú, kì í sì í gbàgbé "-ing" lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe. Àwọn kan wà ní kíláàsì náà tí wọ́n ti ń bọ̀ tipẹ́ tí wọn kò tíì débẹ̀. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu ímójì; iṣẹ́ tí ó ṣe fún obìnrin yìí, ó ṣe é dáadáa, ó sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé e wá ni èyí. Oníbàárà kan tó ti san àsansílẹ̀ owó aṣọ kọ̀wé láti Àbújá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé níbo ni iṣẹ́ dé. Ìyá Ìbejì, tí kò tíì jókòó láti òwúrọ̀, fi ọwọ́ aláró tẹ èsì padà: "I am dying since morning 😓🙏". Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Oníbàárà ti ń sunkún, ó ń béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ. Ìyá Ìbejì kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ aládùúgbò ni ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá wọn là á yé ara wọn, gbogbo agbo ilé sì fi rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí kíláàsì tún wà, ó gbé fóònù náà síwájú mi lórí tábìlì, ó ní: "Tísà, ẹ bá mi wo ohun tí mo kọ. Wọ́n ní mo sọ pé mò ń kú lọ. Ṣé iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kò lórúkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni?"

Ó lórúkọ, àmọ́ orúkọ náà ní ọ̀fìn nínú. Bí ẹni tí ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì bá fi "-ing" kún ọ̀rọ̀ ìṣe tó parí sí "e", ó máa ń yọ "e" náà kúrò: "write" di "writing", "bake" di "baking". Bí ọ̀rọ̀ bá parí sí "ie", "ie" náà yóò di "y": "die" di "dying", "lie" di "lying". Ṣùgbọ́n "dye", tí í ṣe kí á rẹ aṣọ, kì í ju "e" tirẹ̀ nù. "Dyeing" ni, nítorí kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ikú. Ohùn kan náà ni méjèèjì ní lẹ́nu, nítorí náà kò sí bí etí ṣe lè gba ènìyàn sílẹ̀ níbẹ̀, ojú ni. Èyí tó tún mú un le fún oníṣẹ́ àdìrẹ ni pé ọ̀rọ̀ kejì tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé, ìyẹn "tie", kí á di aṣọ, òfin ti "die" ni òun ń tẹ̀ lé: "tying". Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé òun ń di aṣọ, òun sì ń rẹ ẹ́, "tying and dyeing" ni yóò kọ, ọ̀kan ju lẹ́tà nù, èkejì di tirẹ̀ mú. Kò sí ìkankan nínú wọn lára àwọn àwòrán tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́. Eré sísá, ijó, oorun àti kẹ̀kẹ́ gígùn ló kún ibẹ̀; àwọn tó ṣe é kò rò pé aláró wà nínú àwọn tí yóò kà á.

Ẹ̀bi kò tán sórí lẹ́tà. "Since morning" kò bá "I am" rìn; "I have been dyeing since morning" ni ó yẹ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo ní kí ó sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá, kò ṣiyèméjì: "Mo ti ń rẹ aṣọ láti àárọ̀." Ó fi "ti" sí i. "Ti" yẹn gan-an ni iṣẹ́ "have been", òun ni ó sì sọnù lójú ọ̀nà láti Yorùbá dé Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé kò sí ímójì tí ó gbé e. Ẹ̀wẹ̀, 😓 tí ó fi sí i, òógùn iṣẹ́ ni òun rí nínú rẹ̀. Orúkọ tí Unicode, àjọ tó ń ṣètò àmì ìkọ̀wé fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, fún àwòrán náà tọ́ka sí òógùn tútù, irú èyí tí ìbẹ̀rù tàbí àìsàn máa ń mú jáde. Ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀ náà, "ẹ jọ̀ọ́" ni lójú ẹni tó kọ ọ́, àdúrà ìkẹyìn ni lójú ẹni tó gbà á. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, a kò lè bá oníbàárà wí pé ó ké.

Ó yẹ kí á mọ ohun tí ímójì jẹ́ kí á tó pinnu ohun tí a lè fi kọ́ ènìyàn. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1999, Shigetaka Kurita ya àwòrán kéékèèké 176 fún fóònù ilé iṣẹ́ NTT DoCoMo, kí àwọn tó ń fi iṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ lè fi ohun tó wà lọ́kàn wọn hàn láìkọ̀wé púpọ̀. Ọdún 2010 ni Unicode gbà wọ́n wọlé, èyí tó jẹ́ kí fóònù kan lè ka ohun tí òmíràn kọ. Nǹkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: ìwé, bàtà, ẹja, oòrùn. Àwọn tó jẹ́ ìṣe kò pọ̀, gbogbo wọn ló sì jọ pé wọ́n ká olúwarẹ̀ mọ́ àárín iṣẹ́. Ẹsẹ̀ asáré wà lókè, apá olùwẹ̀ wà nínú omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bá "present continuous" mu tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì parí ni ẹ̀yà ọ̀rọ̀ ìṣe náà ń sọ. Àmọ́ àwòrán kò ní àsìkò nínú. 🏃‍♀️ kan náà lè jẹ́ ẹni tí ó ń sáré lọ́wọ́lọ́wọ́, ó lè jẹ́ ẹni tí eré sísá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tó sáré lánàá. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ wọ́n: "She is running", "She runs", "She ran".

Mo ní kí ó jẹ́ kí n ka àwọn ohun tí ó ti kọ sí àwọn oníbàárà sẹ́yìn, ó sì gbà. Bí mo ṣe ń kà á ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣe kedere. "We are opening every day by nine." "I am selling adire in Osogbo market." "I am having indigo." "I am not knowing the price of transport." Gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe ló ti wọ ẹ̀wù "-ing", ìbáà jẹ́ èyí tó ń lọ lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ èyí tí í ṣe ojoojúmọ́. Méjì àkọ́kọ́ kò ṣòro láti mọ ibi tí wọ́n ti wá. Nínú Yorùbá, "ń" kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjì tí ìwé gírámà wa pè ní atẹ́rẹrẹ (ohun tó ń lọ lọ́wọ́) àti bárakú (ohun tí a máa ń ṣe nígbà gbogbo). "Mò ń ta aṣọ" lè dáhùn ẹni tó bi mí pé kí ni mò ń ṣe báyìí, ó sì lè dáhùn ẹni tó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Àwòrán tí kò ní àsìkò pàdé "ń" tí ó ní àsìkò méjì, wọ́n sì gbà láàárín ara wọn pé "-ing" ni yóò gbé gbogbo rẹ̀. Ti "I am having" àti "I am not knowing" yàtọ̀ sí èyí. Kò sí Yorùbá tó sọ pé "mò ń ní èlú" tàbí "n kò ń mọ iye rẹ̀". Àwọn àwòrán náà ló kọ́ ọ ní ìyẹn, nítorí pé kò rí gbólóhùn kan nínú wọn tí kò ní "-ing".

Nítorí náà Yorùbá ni mo fi ṣáájú. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan wà tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ Yorùbá nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tilẹ̀ máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ ọ́. Èmi kò sí lára wọn. Nínú ìpínlẹ̀ tiwa yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fún ìyẹn. Bí ọmọdé bá lè rí èrè nínú èdè abínibí rẹ̀, àgbàlagbà tó ti fi èdè náà ṣòwò fún ogún ọdún ni kò ní rí i?

Ohun tí a ṣe kò ju pé kí ó máa dán gbólóhùn rẹ̀ wò ní Yorùbá kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Bí "lọ́wọ́" bá lè tẹ̀ lé e, tí ó ṣì dún dáadáa létí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí "Mò ń rẹ aṣọ lọ́wọ́", kí ó lo "-ing". Bí "máa" bá lè ṣáájú "ń", gẹ́gẹ́ bí "A máa ń ṣí ìsọ̀ ní aago mẹ́sàn-án", kí ó fi "-ing" sílẹ̀, kí ó kọ "We open at nine". Bí kò bá tilẹ̀ sí "ń" níbẹ̀ rárá, bíi "Mo ní èlú" àti "N kò mọ iye rẹ̀", "I have indigo" àti "I don't know the price" ni. Etí rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. A kàn ní kí ó máa bi etí náà léèrè ni. Ímójì kò kúrò nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n a fi ẹlẹ́rìí tì í: ⏳ dúró fún "lọ́wọ́", 📅 dúró fún "máa ń". Bí mo bá fi 💃⏳ ránṣẹ́ sí i, "She is dancing" ni èsì. Bí mo bá fi 💃📅 ránṣẹ́, "She dances". Ó fẹ́ràn eléyìí púpọ̀, ó sì gbé e lọ sílé fún àwọn ìbejì, tí àwọn náà sọ ọ́ di eré láàárín ara wọn.

Òfin etí yìí ní ibi tí ó ti ń já, n kò sì fi pa mọ́ fún un. A máa ń sọ pé "Mo wọ aṣọ aláró", "Ó jókòó sórí àpótí", "Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà", láìsí "ń" kankan, nítorí pé lójú Yorùbá, ẹni tó jókòó ti jókòó tán. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ka ìjókòó náà sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́: "I am wearing", "She is sitting", "She is standing". Bí Ìyá Ìbejì ṣe ń tẹ̀ lé òfin náà tinútinú, ó kọ̀wé sábẹ́ àwòrán ara rẹ̀ pé "I wear my own adire today", èyí tó fi hàn pé ó gbọ́ mi yé dé ibi tí òfin náà kò dé. Ibí yìí ni ímójì ti gbẹ̀san ara rẹ̀. 🧍‍♀️ wà níwájú rẹ̀, ó dúró, kò lọ, kò bọ̀; ó rí i pé dídúró náà ń lọ lọ́wọ́ lójú àwòrán bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí "ń" lẹ́nu. Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, a sì kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán wọn. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni "Ó ń dùn mí" àti "Mò ń gbọ́ yín", tí wọ́n ní "ń" ní Yorùbá tí Gẹ̀ẹ́sì kò sì fẹ́ "-ing" níbẹ̀. "It is paining me" ni gbogbo Òṣogbo ń sọ, Èkó náà ń sọ ọ́. Mo sọ fún un pé "It hurts" ni ìwé fẹ́, mo sì kọjá lọ.

Ohun kan wà tí mo rò pé yóò rọrùn, tí kò rọrùn rárá. Yorùbá kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nínú "ó", nítorí náà "he" àti "she" máa ń dàrú mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́wọ́. Láti 2016 ni ọ̀pọ̀ ímójì oníṣẹ́ ti ní ti ọkùnrin àti ti obìnrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 🏃‍♂️ àti 🏃‍♀️, èyí sì ti jẹ́ kí Ìyá Ìbejì mọ ìyàtọ̀ náà nínú ìwé láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan 👵, ó kọ ọ́ pé "My husband mother, they are sleeping." Mo ní "she is sleeping" ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wò mí, ó ní: "Tísà, ẹ má bínú. Ìyá ọkọ mi kì í ṣe ẹgbẹ́ mi." Mo ṣàlàyé pé Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, pé "she" kò rí ẹnikẹ́ni fín. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò ní lè tẹ̀ ẹ́. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé kí ó máa pe orúkọ oyè wọn dípò arọ́pò orúkọ: "Mama is sleeping." "Is" wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀wọ̀ náà kò sì fọ́. Mo gbà pé èyí sàn ju kí n bá ìwà ọmọlúàbí jà nítorí ọ̀rọ̀ kékeré kan.

Ẹ̀yìn èyí ni a gbé iṣẹ́ náà kúrò nínú yàrá lọ sí ìdí ìkòkò aró. Àdéhùn wa ni pé ní gbogbo ibi tí iṣẹ́ bá dé, kí ó ya àwòrán, kí ó kọ gbólóhùn kan sí i, kí ó sì wá ímójì tó bá a mu. Kò sí ímójì aró rírẹ. Ó wà fún ọ̀já tí a ta ní kókó, 🪢, ó wà fún òwú, 🧵, kò sì sí fún aró, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ní láti to tirẹ̀. "I am tying the cloth 🪢⏳." "I am dyeing it ✋💧⏳." Lẹ́tà "e" tó ń bẹ nínú "dyeing" kò tún sọnù mọ́. Èyí tó dára jù lọ nínú gbogbo wọn, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró nídìí ìkòkò èlú mọ̀ pé aṣọ kì í jáde ní àwọ̀ aró. Ó máa ń yọ pẹ̀lú àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ni ó máa ń sọ ọ́ di aró díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni. Ìyá Ìbejì fa aṣọ jáde, ó nà án sórí okùn, ó sì kọ̀wé sí oníbàárà kan kí àwọ̀ náà tó pé: "🟢➡️🔵 The cloth is turning blue." Oníbàárà náà béèrè bóyá ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Èsì rẹ̀ ni: "Yes. It turns blue in the air 📅." Mo tún un kà láti rí i dájú pé kò sí ẹni tó bá a kọ ọ́.

Ipò tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni pé ìwé rẹ̀ ti gún, ẹnu rẹ̀ kò tíì gún. Bí oníbàárà bá pè é lórí fóònù, kò sí àwòrán níwájú rẹ̀, "he" àti "she" yóò sì tún dàpọ̀. Ìkánjú kò sì jẹ́ kí ó ráyè bi "lọ́wọ́" àti "máa" léèrè. A ti ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wa nítorí ìyẹn: òun yóò kọ́kọ́ sọ gbólóhùn, lẹ́yìn náà ni èmi yóò fi ímójì tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ padà, kí ó lè mọ̀ bóyá ohun tí ó ní lọ́kàn ni mo gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti ń béèrè fún ẹ̀kọ́ mìíràn, nítorí pé ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi í jù lọ ni ìgbà wo ni ó fi ẹrù wọn ránṣẹ́, kò sì lè máa dáhùn pé "I am sending it" nígbà tí ẹrù ti dé gáráàjì láti àná. ✅ ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, pẹ̀lú "ti" tí a ti rí nínú "Mo ti ń rẹ aṣọ" tẹ́lẹ̀.